Gbèsè Ìjọba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Èkìtì

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí owó tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń yá, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti ẹni tí yóò san án. Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀ lè fo lọ sí ìbéèrè tó kan ohun tí wọ́n fi owó ṣe, nítorí lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbèsè ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́, kì í ṣe nínú iye ńlá tí ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde.

Kí ni wọ́n ń pè ní gbèsè ìjọba?

Gbogbo owó tí ìjọba ti yá tí kò tíì san tán ni. Ní Nàìjíríà, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì: gbèsè abẹ́lé, tí a ń fi náírà san, àti gbèsè òkèèrè, tí a sábà máa ń fi dọ́là san. DMO, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó gbèsè láti ọdún 2000, ló ń ṣe àkójọ rẹ̀, ó sì máa ń ro ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ 36 àti ti Àbújá pọ̀ kí ó tó kéde rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, àpapọ̀ náà jẹ́ 144.67 tírílíọ̀nù náírà. Ẹ fi sọ́kàn pé apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ti àwọn ìpínlẹ̀.

Ọwọ́ ta ni ìjọba ti ń yá owó?

Nílé, ọwọ́ àwọn báǹkì, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, àti ẹnikẹ́ni tó bá ra ìwé bọ́ǹdì (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ń san èlé lé e lórí) tàbí ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ kúkúrú tí ọjọ́ rẹ̀ máa ń pé láàárín ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. Lókè òkun, ọwọ́ Báǹkì Àgbáyé, Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, àwọn ìjọba bíi ti Ṣáínà àti Faransé, àti àwọn olówó aládàáni tó ń ra bọ́ǹdì tí wọ́n ń pè ní Eurobond.

Kò sí ẹni tó yẹ kó ka gbogbo wọn sí ọ̀kan náà. Owó Báǹkì Àgbáyé máa ń ní èlé tó fúyẹ́, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó san án tán. Ní ti Eurobond, èyí tí Nàìjíríà tà ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tí iye rẹ̀ jẹ́ 2.2 bílíọ̀nù dọ́là, ní èlé 9.625 àti 10.375 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Dọ́là ni wọ́n fẹ́ gbà, wọn kò sì ní bi wá léèrè bóyá epo rọ̀bì gbówó lórí lọ́dún náà tàbí kò gbówó lórí.

Ṣé gómìnà lè lọ yá owó lókè òkun fúnra rẹ̀?

Rárá. Ìjọba àpapọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ ni yóò tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ẹni tó ń yáni lówó, lẹ́yìn náà ni yóò bá ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn tirẹ̀. Báyìí ni owó Báǹkì Àgbáyé fún iṣẹ́ omi ṣe dé Èkìtì, báyìí náà sì ni 80 mílíọ̀nù dọ́là tí Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fọwọ́ sí fún ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní Ekiti Knowledge Zone ṣe rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó abẹ́lé, ìpínlẹ̀ lè yá a lọ́wọ́ báǹkì tàbí kó ta bọ́ǹdì, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i tí àwọn aláṣẹ tó yẹ lókè sì gbà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba owó náà padà lọ́wọ́ Èkìtì?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó náà ni kì í jẹ́ kí gbèsè hàn sí ará ìlú. Lóṣooṣù ni wọ́n ń pín owó tó wọ àpò ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní Àbújá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí alokéṣàn. Bí ìpínlẹ̀ bá ti yá owó, a máa buwọ́ lu ìwé àṣẹ kan tí kò ṣeé fà padà, pé kí olùṣírò owó àgbà ti ìjọba àpapọ̀ máa yọ iye kan kúrò nínú ìpín rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó tó bá wá dé Adó-Èkìtì ni èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí olówó ti mú tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí a lè tọpa rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, Èkìtì ta bọ́ǹdì 20 bílíọ̀nù náírà, èlé rẹ̀ jẹ́ 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án tán láàárín ọdún méje. Ẹ ṣírò rẹ̀: èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan ti ń lọ sí 2.9 bílíọ̀nù. Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ló yá a, ó sì kúrò lórí àga ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Ọdún 2014 yìí kan náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, alokéṣàn sì fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń yọ fún bọ́ǹdì kò fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba Ayọ̀délé Fáyóṣé tó tẹ̀ lé e ló ń gba ìpín tí wọ́n ti gé, owó oṣù òṣìṣẹ́ sì di ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀. Àwọn olóṣèlú fi ọ̀rọ̀ yìí bú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò jẹ mọ́ ẹgbẹ́ kankan: ìpínlẹ̀ tí owó epo ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ṣe ìlérí tí kò lè yí padà, lórí owó tó ń yí padà lóṣooṣù.

Kì í ṣe Èkìtì nìkan. Ní ọdún 2015, ìpínlẹ̀ 27 ló gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n lè san owó oṣù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀bùn ni. Gbèsè ọlọ́dún ogún ni, pẹ̀lú èlé 9 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì ń san án títí di òní.

Ṣé òfin sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi owó tí wọ́n yá ṣe?

Ó sọ ọ́. Òfin ìnáwó pẹ̀lú ìtọ́jú tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 sọ pé kí ìjọba ní gbogbo ìpele máa yá owó kìkì fún iṣẹ́ ńlá tó máa wà pẹ́ àti fún ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn, kí èlé rẹ̀ fúyẹ́, kí àkókò tí wọn yóò fi san án sì gùn. Èyí túmọ̀ sí pé owó oṣù, epo ọkọ̀ àti owó ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n gbólóhùn “ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn” láyè púpọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá kò ní ṣòro fún un.

Bí a bá wá yẹ Èkìtì wò, a ó rí oríṣiríṣi. Owó bọ́ǹdì ọdún 2011 lọ sí ojú ọ̀nà, iléeṣẹ́ bíríkì Ìrè àti ibi ìgbafẹ́ omi gbígbóná Ìkògòsì. Ojú ọ̀nà kì í mówó wọlé fún ìjọba ní tààràtà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí iṣu àti kòkó tètè dé ọjà, ẹni tó ń ná a lójoojúmọ́ sì lè jẹ́rìí sí i. Ìkògòsì yàtọ̀: ibi ìgbafẹ́ ni, ó yẹ kó máa pa owó tí yóò san èlé ara rẹ̀, àmọ́ ó dẹnu kọlẹ̀ fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, wọ́n sì padà fi í lé aládàáni lọ́wọ́. Ní gbogbo àkókò tó fi wà bẹ́ẹ̀, yíyọ owó bọ́ǹdì kò dúró. Àléébù tó wà níbẹ̀ kọjá owó yíyá, nítorí ohun tí wọ́n fi gbèsè kọ́ kò lẹ́ni tó máa bójú tó o nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ bá lọ.

Ẹ wo iṣẹ́ omi náà. Ìdídò (dáàmù) Ero tó wà ní Ìkún-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, ni Báǹkì Àgbáyé yáni lówó láti tún ṣe, pẹ̀lú àwọn páìpù tó ń gbé omi lọ sí àwọn ìlú. Irú gbèsè yìí ni mo rò pé a lè fi ọkàn balẹ̀ gbà bí omi bá dé ẹnu ẹ̀rọ. Owó omi tí àwọn tó ń lò ó bá san lè tọ́jú ẹ̀rọ náà, ọmọ tí kò bá ṣàìsàn ikùn á lọ sí ilé ìwé, ìyá rẹ̀ kò sì ní máa fi òwúrọ̀ pọnmi. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá dúró sí ẹ̀bá títì láìdé ilé, gbèsè dọ́là la jẹ fún irin tí a rì mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí a bi ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ náà àti pápákọ̀ òfurufú ojú ọ̀nà Ìjàn tí wọ́n ṣí ní 2022, ibi yòówù kí owó rẹ̀ ti wá: kí ni yóò wọlé láti inú rẹ̀, ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ta ni yóò sì máa bójú tó o ní ọdún kẹwàá?

Kí ló dé tí gbèsè ń lé sí i nígbà tí ìjọba ní òun kò yá owó púpọ̀?

Náírà ló máa ń fa èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ìparí ọdún 2023, gbèsè gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 97.34 tírílíọ̀nù náírà. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ó di 121.67 tírílíọ̀nù. Bí ẹ bá wá fi dọ́là ka ohun kan náà, ó dín kù láti 108.23 bílíọ̀nù sí 91.46 bílíọ̀nù. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Náírà ló ṣubú, gbèsè tó jẹ́ ti dọ́là sì wúwo sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń fi náírà san án.

Ká ní ìpínlẹ̀ kan jẹ 100 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí dọ́là kan jẹ́ 460 náírà, 46 bílíọ̀nù náírà ni. Nígbà tí dọ́là bá di 1,500, 150 bílíọ̀nù ni, láìjẹ́ pé wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kan kún ohun tí wọ́n kọ́. Èkìtì kò ní kànga epo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ta ohun tó ń mú dọ́là wọlé. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé gbèsè òkèèrè dára ju ti abẹ́lé lọ nítorí pé èlé rẹ̀ kéré. Ó kéré lójú ìwé.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé gbèsè ti ju agbára lọ?

Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n ń lò. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn jù ni kí wọ́n fi gbèsè wé iye gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe jáde lọ́dún. Ní oṣù keje ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìṣirò Nàìjíríà tún ìṣirò ohun tí a ń ṣe jáde ṣe, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, gbèsè tó ti lé ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún wá sí ìsàlẹ̀ 40, láìsan kọ́bọ̀ kan. Ìṣirò náà tọ́, ó sì ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kò fi náírà kan kún àpò ẹni tó máa san gbèsè.

Òṣùwọ̀n kejì ni kí a fi owó tí a ń san fún gbèsè wé owó tó ń wọlé. Èyí ni mo fara mọ́, nítorí owó tó wọlé la fi ń san gbèsè. Nínú ìsúná ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2025, tí ó jẹ́ 54.99 tírílíọ̀nù náírà, 14.32 tírílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbèsè. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n fẹ́ ná, 26 ni yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn olówó kí ilé ìwòsàn tó gba tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni apá kan nínú owó tí wọ́n fẹ́ ná yìí jẹ́ owó tí wọ́n tún fẹ́ yá. Ní ti ìpínlẹ̀, ìlànà DMO ni pé kí owó tí wọ́n ń yọ fún gbèsè lóṣù má ṣe kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún alokéṣàn.

Láyé àwọn baba wa, ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ náà a sì dúró fún èlé nìkan. Bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀, owó tí wọ́n yá kò dín, àfi ọjọ́ tí ẹbí bá kó o wá lódidi. Ìjọba tó ń yá owó tuntun láti fi san èlé ti àná ti sún mọ́ ìwọ̀fà.

Kí ni ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ Báǹkì Àpapọ̀ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀?

Òfin Báǹkì Àpapọ̀ gbà kí báǹkì náà yá ìjọba àpapọ̀ lówó fún ìgbà díẹ̀, kí ó má sì ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n kọjá òdiwọ̀n yìí lọ́pọ̀ ọdún, títí ó fi di nǹkan bíi 22.7 tírílíọ̀nù náírà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbà kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́dún 40. Irú owó yìí kì í wá láti àpò ẹnikẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ fún un, nítorí náà ó máa ń fà kí ọjà gbówó lórí, ìyá tó ń ra gààrí ní Ọjà Ọba ni ó sì ń bá wọn san nínú rẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n ti darí gbèsè jì wá rí. Báwo la ṣe tún débí?

Ní ọdún 1978, Nàìjíríà yá bílíọ̀nù kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, a kò lè san, èlé àti owó ìtanràn sì ń gun orí ara wọn títí gbèsè òkèèrè fi kọjá 30 bílíọ̀nù. Ní ọdún 2005, lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, pẹ̀lú Ngozi Okonjo-Iweala gẹ́gẹ́ bí mínísítà ètò ìnáwó, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó tí wọ́n ń pè ní Paris Club gbà láti fa nǹkan bíi 18 bílíọ̀nù dọ́là rẹ́, a sì san nǹkan bíi 12 bílíọ̀nù. Nígbà tí ọdún 2006 parí, gbèsè òkèèrè wa kò tó 4 bílíọ̀nù.

Ní ọdún 2011 a ta Eurobond wa àkọ́kọ́, 500 mílíọ̀nù dọ́là. Láti ìgbà náà la ti ń lọ sókè. Gbèsè àtijọ́ ni wọ́n parẹ́. Ìdí tí a fi ń jẹ gbèsè wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé owó epo la gbójú lé, owó orí tí a ń gbà sì kéré sí ohun tí a ń ná.

Ṣé Ṣáínà lè gba ilẹ̀ wa bí a kò bá san?

Rárá. Gbèsè Báǹkì Àgbáyé àti ti Eurobond pọ̀ ju ti Ṣáínà lọ dáadáa. Ohun tí a lè pàdánù ni ọ̀wọ̀, àǹfààní láti rí owó yá ní èlé tó fúyẹ́, àti ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ òkèèrè.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè tí kò lè san mọ́?

Àwọn baba wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Zambia kùnà láti san ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó sì di oṣù kẹfà ọdún 2023 kí òun àti àwọn ìjọba tó jẹ lówó tó fẹnu kò. Gánà dáwọ́ sísan èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè òkèèrè rẹ̀ dúró ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Èyí tó yẹ kó dùn wá jù nínú ti Gánà ni pé wọ́n ní kí àwọn tó ra bọ́ǹdì nílé gba bọ́ǹdì mìíràn tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ rẹ̀ sì jìnnà. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lọ jókòó sí iwájú iléeṣẹ́ ìnáwó ní Accra kí ìjọba tó yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò tíì san, ṣé gbèsè ni òun náà?

Gbèsè ni, DMO pàápàá sì ní àyè fún un nínú àkọsílẹ̀ gbèsè abẹ́lé ti àwọn ìpínlẹ̀, pẹ̀lú owó àwọn agbaṣẹ́ṣe àti owó oṣù tí wọ́n jẹ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí ìjọba bá ń kéde pé gbèsè dín kù, ti báǹkì ni wọ́n sábà máa ń sọ. Báǹkì ní ìwé àṣẹ tó ń yọ owó rẹ̀ ní Àbújá. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Ìkọ́lé tàbí Òmùò kò ní nǹkan kan bí kò ṣe nọ́ńbà lórí ìwé.

Ó sì yá ìjọba lówó láìfẹ́, láìgba èlé. Mílíọ̀nù kan náírà tó tọ́ sí i ní ọdún 2015 jẹ́ nǹkan bíi 5,000 dọ́là nígbà náà. Bí wọ́n bá san mílíọ̀nù kan náà fún un ní ìparí 2024, kò tó 700 dọ́là. Lójú ìwé, ìjọba san gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, alokéṣàn ti lé sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń san gbèsè abẹ́lé wọn. Bí ẹ bá bi mí, ẹni tó fẹ̀yìn tì ló yẹ kó ṣáájú lórí ìlà yẹn, nítorí òun nìkan ni ọjọ́ ayé rẹ̀ kò lè dúró de àdéhùn tuntun.

Ṣé èmi náà lè yá ìjọba lówó?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2017 ni DMO ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 náírà, nípasẹ̀ àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Sùkúkù, ìyẹn irú bọ́ǹdì tó bá ìlànà Ìsìláàmù mu, wà fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba èlé láyè. Ti àkọ́kọ́, 100 bílíọ̀nù náírà ní ọdún 2017, lọ sí títì ìjọba àpapọ̀.

Níbo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ ti Èkìtì, kí sì ni kí n wò níbẹ̀?

DMO ń gbé gbèsè ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjọba Èkìtì náà sì ń gbé ìsúná àti àbọ̀ àyẹ̀wò owó jáde. Ibi tí wọ́n bá ti fi nǹkan pamọ́, òfin òmìnira ìròyìn tí Èkìtì ṣe ní ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè. Ẹ má ṣe wo àpapọ̀ gbèsè nìkan. Ẹ wo iye tó jẹ́ ti dọ́là, iye tí wọ́n ń yọ lóṣù, àti ọdún tí yóò parí. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé owó tuntun wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Adó, àkókò tó yẹ kí ẹ pe aṣojú yín ni kí wọ́n tó dìbò lé e lórí, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ yíyọ owó náà, gómìnà tó ń bọ̀ pàápàá kò lè dá a dúró.